Ìbọn Inú Ilé: Òǹkà Wo Ni Ká Gbà Gbọ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ẹnì kan ni ó gbé e wá. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ kan, Àlhájì kan nínú ìjọ wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú mọ́sálásí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ìlú Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn olè fọ́ ilé aládùúgbò wọn lóru, láti ìgbà náà ni ọmọ náà sì ti ń sọ pé òun yóò ra ìbọn ìléwọ́ sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ìgbà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ìbọn gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀daràn lọ́dọọdún. Ọ̀rẹ́ kejì ní irọ́ ni, ó ní ìlọ́po mẹ́tàlélógójì ni ìbọn inú ilé fi ń pa ará ilé ju olè lọ. Ọmọ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá baba, baba sì gbé e wá bá mi. Ó ní, "Ààfáà wa, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú òǹkà méjèèjì? Kí ni ẹ̀sìn sì wí sí i?"

Nígbà tí ó fẹ́ dìde ni ó wá fi kún un, bí ẹni tí ń sọ ohun tí kò tó nǹkan, pé láti oṣù mélòó kan tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn. A ó padà wá bá a.

Ohun tí ẹ̀sìn wí

Ìsìláàmù kò sọ pé kí Mùsùlùmí káwọ́ gbera kí ọ̀daràn máa ṣe é bí ó ti wù ú. Nínú hádíìsì kan tí Imaamu Muslim gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè ohun tí ó yẹ kí òun ṣe bí ẹnì kan bá wá fi agbára gba dúkìá òun. Ànábì ní kí ó má ṣe gbé e fún un. Ọkùnrin náà tún bèèrè pé bí onítọ̀hún bá gbé ìjà ko òun ńkọ́, Ànábì sì fún un láṣẹ pé kí ó bá a jà. Hádíìsì mìíràn, tí Abu Daud àti Tirmidhi gbà wá, fi yé wa pé ẹni tí wọ́n bá pa níbi tí ó ti ń dáàbò bo dúkìá rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí àwọn ará ilé rẹ̀, ikú ṣàhídì ni ó kú.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ní ìpele ìpele ni ìdáàbòbò. Bí igbe bá tó láti lé ọ̀daràn lọ, kò tọ́ kí a nà án. Bí ọwọ́ bá tó, a kò gbọdọ̀ mú igi. Bí igi bá tó, a kò gbọdọ̀ mú ohun tí ń gba ẹ̀mí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, a kò sì bá a wí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni gbogbo nǹkan.

Ẹ̀tọ́ láti gba ara ẹni sílẹ̀ kò ní iyèméjì nínú, nígbà náà. Ohun tí ó kù ni pé, ṣé ohun tí a fẹ́ fi ṣọ́ ilé kò ní di ohun tí yóò tú ilé? Ànábì ti fi lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ara wa ní jàǹbá, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹlòmíràn. Kí a tó lè mọ èyí tí ó wúwo nínú àǹfààní àti jàǹbá, a ní láti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹsẹ kẹfà nínú Súúrà Al-Hujuraat sì ti pa á láṣẹ pé kí a máa wádìí ìròyìn tí a bá gbé wá bá wa, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn níbi, kí a sì wá máa kábàámọ̀. Òǹkà náà, ìròyìn ni. Ẹ jẹ́ kí a wádìí rẹ̀.

Ibi tí mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ti wá

Àwọn onímọ̀ méjì nípa ìwà ọ̀daràn, Gary Kleck àti Marc Gertz, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida, ni ó gbé òǹkà yìí jáde ní ọdún 1995. Ní ọdún 1993, wọ́n fi tẹlifóònù bi ènìyàn 4,977 léèrè bóyá wọ́n ti fi ìbọn gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀daràn rí. Nínú wọn, bí ènìyàn 66 ni ó sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn láàárín ọdún kan tí ó ṣáájú. Àgbàlagbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ bíi mílíọ̀nù 190. Bí a bá wá fi ìwọ̀n ènìyàn 66 nínú 4,977 wọn gbogbo àgbàlagbà náà, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ni a ó rí.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè dúró fún bí ènìyàn 38,000. Bí ọgbọ̀n péré nínú àwọn 66 náà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó lé ní mílíọ̀nù kan tí yóò yọ kúrò nínú òǹkà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà ní ìwádìí tirẹ̀. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń lọ sí ilé àwọn ènìyàn láti bèèrè irú ìwà ọ̀daràn tí wọ́n hù sí wọn. Nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2007 sí 2011, ìgbà 338,700 ni wọ́n rí pé àwọn ènìyàn fi ìbọn gba ara wọn tàbí dúkìá wọn láàárín ọdún márààrún. Ìyẹn kò tó 68,000 ní ọdún kan. Ẹ fi èyí wé mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀kan ju ìkejì lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po ọgbọ̀n.

Kí ni ó fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè wọn kò dọ́gba. Ìwádìí ìjọba kì í bèèrè ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ pé wọ́n hùwà ọ̀daràn sí òun. Kleck ní ìdí nìyẹn tí òǹkà ìjọba fi kéré: ẹni tí ó gbé ìbọn láìní ìwé àṣẹ kò ní fẹ́ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó mọ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, a kò lè sọ ọ́ nù.

David Hemenway, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, fèsì ní ọdún 1997. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ilé ẹ̀kọ́ ṣàlàyé èsì rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, kí márùn-ún péré nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó rí ejò lóòótọ́ ní ọdún tí ó kọjá. A wá bi gbogbo wọn léèrè. Bí àwọn márùn-ún náà bá sọ òótọ́, tí mẹ́wàá péré nínú àwọn 995 yòókù sì ṣe àṣìṣe, bóyá ọdún kejì sẹ́yìn ni wọ́n rí tiwọn, bóyá okùn ni wọ́n pè ní ejò, bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí a gbọ́ ìtàn akin lẹ́nu wọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ó kọ sílẹ̀. Òótọ́ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Bí gbogbo àwọn tí ó rí ejò bá sì fi pamọ́, márùn-ún péré ni a ó pàdánù. Ohun tí kò wọ́pọ̀, bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè rẹ̀, àṣìṣe a máa fẹ̀ ẹ́ lójú ju bí ó ti ń dín in kù lọ.

Philip Cook àti Jens Ludwig náà rí irú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 2,568 ní ọdún 1994, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni òǹkà tiwọn. Síbẹ̀ àwọn fúnra wọn sọ pé kò ṣeé gbà gbọ́. Bí a bá tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tí ó fi ìbọn gba ara wọn lọ́wọ́ afipábánilòpọ̀ yóò pọ̀ ju gbogbo ìfipábánilòpọ̀ tí ìwádìí ìjọba rí lọ. Ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀, òun ni ohun tí a ń pè ní ìdáàbòbò. Ní ọdún 2000, Hemenway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtàn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n kà á. Èyí tí ó lé ní ìdajì ni púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó lòdì sí òfin. Ìjà àti asọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, olúkúlùkù sì ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tí a ṣẹ̀.

Títí di òní ni àríyànjiyàn náà ń lọ. Ní ọdún 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òǹkà tí ó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 108,000, wọ́n sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ní ọdún 2021, William English ti Yunifásítì Georgetown tún gbé ìwádìí ńlá jáde, ó ní mílíọ̀nù kan àti 670,000. Ẹnu àwọn ènìyàn ni òun náà ti gbọ́ ọ.

Òǹkà mẹ́tàlélógójì ńkọ́?

Kí a má wá rò pé ìhà kan ṣoṣo ni ó ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ìwádìí tí dókítà Arthur Kellermann àti Donald Reay gbé jáde ní ọdún 1986 ni òǹkà 43 ti wá. Wọ́n wo ikú ìbọn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Seattle àti agbègbè rẹ̀ láàárín 1978 sí 1983. Ikú 398 ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ìbọn tí ó pa ènìyàn náà ń gbé. Mẹ́sàn-án péré nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ pé ẹnì kan ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan irú ikú bẹ́ẹ̀, ikú 43 mìíràn ni wọ́n kà: ẹni tí ó pa ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n pa, àti ìbọn tí ó ṣèèṣì yìn.

Níbo ni àṣìṣe àwọn tí ń gbé òǹkà yìí kiri wà? Òkú nìkan ni ìwádìí náà kà. Ẹni tí ó yọ ìbọn, tí olè rí i tí ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdáàbòbò tí kò la ikú lọ ni ó pọ̀ jù. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ Àlhájì pé ìlọ́po mẹ́tàlélógójì ni ewu ìbọn fi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún padà wo inú rẹ̀. Nínú ikú 398 wọ̀nyẹn, 333 ni ó jẹ́ ti ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Àwọn tí ń fi òǹkà yìí jà kì í sábà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó kan wa.

Òǹkà tí kò sí nínú ìjà

Àwọn ènìyàn lè gbàgbé, wọ́n sì lè fẹ ìtàn lójú, ṣùgbọ́n òkú kì í ṣàsọdùn. Dókítà ń kọ ọ́, ìjọba ń kà á, ìhà méjèèjì sì gbà á. Ní ọdún 2023, ènìyàn 46,728 ni ìbọn pa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí 27,300 nínú wọn ni ó pa ara wọn. Ìyẹn ju ìdajì lọ dáadáa. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí adigunjalè. Ẹnì kan ni, nínú yàrá rẹ̀, lọ́jọ́ tí ayé sú u.

Ìbọn kì í sì í fún ènìyàn láàyè láti ronú pìwà dà. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó bá fi ìbọn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, bí mẹ́sàn-án ni ó ń kú. Ẹni tí ó gbé oògùn mì ṣì lè rí ẹni gbé e dé ọsibítù, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń yè é. Ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí Ọlọ́hun bá yọ nínú irú rẹ̀ ni kì í padà pa ara wọn mọ́. Wákàtí burúkú yẹn a máa kọjá, bí kò bá ti sí ohun tí ń yára gba ẹ̀mí nítòsí.

Ewu àwọn tí ń gbé pẹ̀lú oníbọn náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2022, David Studdert ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ó lé àgbàlagbà ní ìpínlẹ̀ California. Àwọn tí ń bá oní-ìbọn-ìléwọ́ gbé ilé kan náà ni a pa ní ìlọ́po méjì ó lé ju àwọn tí kò sí irú rẹ̀ nílé wọn lọ. Ní ti àwọn ọmọdé, láti ọdún 2020 ni ìbọn ti di ohun tí ń pa àwọn ọmọ ọdún kan sí mọ́kàndínlógún jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ó ti ṣíwájú ìjàǹbá ọkọ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Èsì tí mo fún Àlhájì

Mo sọ fún un pé rírà ìbọn níbi tí òfin ti gbà á kì í ṣe hàrámù nínú ara rẹ̀. Mo ní kí ó má sì gba òǹkà méjèèjì lọ́nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dúró lórí ẹnu ènìyàn 66, mẹ́tàlélógójì sì fi ẹni tí ó lé olè lọ láìpa á sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó bèèrè ni pé: àwọn wo ni ó wà nínú ilé náà? Ṣé ọmọdé wà níbẹ̀? Ṣé ìjà wà láàárín tọkọtaya? Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì?

Àlhájì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní ọmọ òun kì í ṣe aláìnígbàgbọ́, pé kò lè ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ẹsẹ kọkàndínlọ́gbọ̀n Súúrà An-Nisaa kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ láti pa ara wọn, àwọn onígbàgbọ́ ni a sì darí ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹni tí kò sùn láti oṣù mélòó kan, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà lóru, àìsàn lè wà lára rẹ̀ tí ojú kò rí. A kì í bú ẹni tí ibà ń ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.

Mo tún fi kún un pé bí ilé kan bá pinnu láti ní ìbọn, kí wọ́n ronú sí bí Ànábì ti ṣọ́ra tó lórí ohun ìjà. Ó ní kí ẹni tí ó bá mú ọfà gba inú mọ́sálásí kọjá di ẹnu ọfà náà mú. Ó kọ̀ kí a na idà tí ó ti jáde nínú àkọ̀ síra wa. Ó kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá na irin sí ọmọ ìyá rẹ̀, ì báà ṣe àwàdà. Bí a bá gbé èyí wá sórí ìbọn, yóò wà nínú àpótí irin tí a tì, a ó yọ ọta inú rẹ̀, a ó sì ti ọta náà mọ́ ibòmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ tó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkàn ẹnì kan nínú ilé bá dàrú, kí ìbọn kúrò nílé náà kíá, ní ọ̀nà tí òfin gbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Aminu Bello Masari, gómìnà ìpínlẹ̀ Katsina nígbà náà, gba àwọn ará ìlú níyànjú láti wá ohun ìjà tí wọn yóò fi dojú kọ àwọn agbébọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Zamfara náà ní kí àwọn ènìyàn múra láti ní ìbọn, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ. Ìbẹ̀rù tí ó bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àsọdùn, àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Òkè Ọya mọ̀ ọ́n. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í ti àpótí, kì í sì í bi ẹni tí ó wà nílé bóyá ó sùn. Àwa ni a ó ṣe ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Àlhájì dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní òun ti pe ọmọ òun, òun kò sì dárúkọ ìbọn rárá. Òun kàn bi í pé, "Ọmọ mi, báwo ni oorun rẹ?" Ọmọ náà kò dáhùn fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a lọ rí dókítà. Ilẹ̀kùn ilé wọn ti ní àgádágodo tuntun, wọ́n sì ti tan iná sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ ìbọn dúró ná.

Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa bi ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ ní ìbéèrè tí Àlhájì bi ọmọ rẹ̀, kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Kí Ọlọ́hun Ọba ṣọ́ àwọn ilé wa lọ́wọ́ aburú tòde àti aburú tilé. Kí Ó fún àwọn tí ọkàn wọn wúwo ní ìtura. Àmín.